Bí AyA ti Ìlú Eibar Ṣe Wọ DIARM, Tó sì Tún Jáde Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, láàárín ọdún 1980 sí 1990 ló ṣẹlẹ̀, nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Eibar, nílẹ̀ àwọn Basque, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Sípéènì. Ìjọba ló wà nídìí ẹ̀, wọ́n kó nǹkan bí ogún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn ọdẹ jọ, wọ́n pò wọ́n pọ̀ di kọ́ńpìnnì kan ṣoṣo, wọ́n sọ ọ́ ní DIARM. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọdún mélòó kan péré, DIARM kógbá sílé. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí wọ́n kó jọ yẹn ni AyA, ìyẹn Aguirre y Aranzabal, òun náà sì bá wọn rì sómi, àmọ́ ó tún léfòó, àní bó ṣe léfòó yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí kì í ṣe ìjọba ló fà á jáde, kì í ṣe báǹkì náà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú ìlú tí Eibar jẹ́, torí ẹni tí ò bá mọ ìlú yẹn, ọ̀rọ̀ DIARM ò lè yé e. Àárín Bilbao àti San Sebastián ló wà, ní ìpínlẹ̀ Gipuzkoa, inú kòtò láàárín òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, odò kékeré kan tó ń jẹ́ Ego ló gba ibẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ò sí. Ibi tí ẹlòmíì á ti tẹ́ fáktírì ẹ̀ lọ rẹrẹ bíi pápá bọ́ọ̀lù, àwọn ará Eibar gbé tiwọn lọ sókè ni, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, maṣínì ń dún nísàlẹ̀, maṣínì ń dún lókè. Ọdún 1346 ni Ọba Alfonso Kọkànlá fún ìlú yẹn níwèé àṣẹ, iṣẹ́ irin ni wọ́n sì mọ̀ wọ́n mọ́ tipẹ́. Ìlú tó wà nítòsí wọn tiẹ̀ ń jẹ́ Placencia de las Armas, àbí ẹ rí i, Placencia oníbọn, ọba ti ní ilé-iṣẹ́ ìbọn níbẹ̀ láti 1573.

Bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí ni pé kì í ṣe ẹnì kan ló ń ṣe ìbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó ń ṣe ọ̀pá ìbọn, ọ̀pá ló mọ̀. Ẹni tó ń to ẹ̀rọ inú ẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń gbẹ́ ìdí ìbọn láti ara igi walnut wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń fín ọnà sára irin náà wà láyè tiẹ̀, ìyẹn ò sì ṣeé fojú tín-ín-rín rárá, torí Eibar yìí ni ìdílé Zuloaga ti jáde, Plácido Zuloaga tó ń fi wúrà sínú irin débi pé àwọn olówó Ìlú Ọba ń dúró de iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ Ignacio ló wá di ayàwòrán tí gbogbo Yúróòpù mọ̀. Láti 1913 ni wọ́n tiẹ̀ ti ní ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìbọn, Escuela de Armería, àmọ́ ẹ̀yìn ọ̀gá ni iṣẹ́ gidi ti ń wọ ọmọṣẹ́ lára, bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwa náà kéèyàn tó gba fúrídọ̀mù.

Ọdún 1915 ni Miguel Aguirre àti Nicolás Aranzabal dá AyA sílẹ̀. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, ilẹ̀ Faransé ń wá ìbọn ìléwọ́ lójú méjèèjì, wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Gabilondo ní Eibar sọ̀rọ̀ pé kó máa bá wọn ṣe 10,000 lóṣù, irú ìbọn tí wọ́n ń pè ní Ruby. Agbára Gabilondo ò gbé e, ló bá pín iṣẹ́ fún àwọn míì, àwọn míì náà tún wọlé fúnra wọn, kẹ́ẹ tó mọ̀, gbogbo ìlú ti ń ṣe Ruby, gbogbo ẹni tó ní fáìlì àti fáìsì nílé ti di oníbọn! Ibi tó ti wá burú ni pé Ruby tilé yìí àti Ruby tilé kejì jọra lójú ni o, ara wọn ò gba pààtì ara wọn, èèyàn ò lè yọ nǹkan lára eléyìí kó fi sínú tọ̀hún kó ṣiṣẹ́. Orúkọ tí ìyẹn fún Eibar láyé ò dáa, àwọn oníbọn òyìnbó máa ń sọ pé ìbọn Sípéènì, iṣẹ́ jákujàku ni, ó sì pẹ́ kí orúkọ yẹn tó wábi gbà lọ.

Nígbà tógun parí, ọjà dá wọ́ọ́. Àwọn kan fi ìbọn sílẹ̀ pátápátá: Orbea tó ti ń ṣe ìbọn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún yí padà sí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ Orbea táwọn eléré ìje ń gùn dòní yìí náà ni, BH náà di oníkẹ̀kẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ kan kóra jọ lọ́dún 1920 dá Alfa sílẹ̀, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe maṣínì ìránṣọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ bá wò ó, ọwọ́ kan náà ni, ẹni tó lè lu ihò ọ̀pá ìbọn kó gún régé, kí ló kù tí ò ní lè fi irin ṣe? AyA ò yà síbì kankan ní tiẹ̀, ìbọn ọdẹ ló gbájú mọ́, dọ́bù bárẹ̀lì, ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, kò dà bíi ṣakabùlà tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sí, eléyìí máa ń ṣẹ́ po láàárín ni, wàá ki ọta méjì sí i nídìí, wàá pa á dé, ó ti tó yìn.

Ohun kan tó gbà wọ́n lọ́wọ́ orúkọ burúkú yẹn ni ilé ìdánwò ìbọn tó wà ní Eibar. Ìbọn tí wọ́n bá ṣe, wọ́n á gbé e débẹ̀, wọ́n á yin ọta tó lágbára ju ti ojoojúmọ́ lọ nínú ẹ̀, bí ọ̀pá ò bá bẹ́, tí ò wú, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Láti 1927 ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà ọdún sí òǹtẹ̀ yẹn, A fún 1927, B fún 1928, C fún 1929, ẹ ẹ̀ wá rò pé D ló kàn àbí, rárá o, CH ló kàn, 1930, torí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Sípéènì ìgbà yẹn CH dá dúró láàyè tiẹ̀ bí gb ṣe dá dúró nínú tiwa, LL náà bẹ́ẹ̀, Ñ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kà á dé Z lọ́dún 1954, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ A1 lọ́dún 1955. Mo fẹ́ràn kiní yìí gan-an. Ẹni tí ò gbọ́ Sípéènì rárá lè tú ìbọn baba baba ẹ̀, kó wo abẹ́ ọ̀pá, kó mọ ọdún tí wọ́n yìn ín wò.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú náà ò fi ìlú yẹn lọ́rùn sílẹ̀. Eibar làwọn òṣìṣẹ́ ti le jù, alátakò ọba ni wọ́n, ní 14 oṣù kẹrin 1931 àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ta àsíá Repúblíìkì ní gbogbo Sípéènì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n ti ta á, kí Madrid tó jí àwọn ti ṣe tán. Wọ́n jẹ ìyà ẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, ní ìparí oṣù kẹrin 1937, ọkọ̀ òfuurufú rọ̀jò bọ́ǹbù lé ìlú náà lórí, àkókò kan náà tí wọ́n ba Guernica, ìlú Basque míì, jẹ́ nìyẹn o, àmọ́ Guernica layé gbọ́. Ilé wó, ṣọ́ọ̀bù jóná, àwọn èèyàn sá lọ sí Bilbao. Lẹ́yìn ogun, ilẹ̀ ti di ti Franco, ọ̀gágun tó borí, Sípéènì tálákà, kò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀ níta, owó wọn tí wọ́n ń pè ní peseta ò sì níye lórí lójú pọ́n-ùn òyìnbó.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ peseta yẹn dání, torí òun ló ṣílẹ̀kùn fún AyA. Ní Ìlú Ọba lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìbọn sidelock, èyí tí ẹ̀rọ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí Holland & Holland tàbí Purdey, àwọn ilé oníbọn ńlá Lọ́ńdọ̀nù, bá ṣe ti kọjá agbára àgbẹ̀ tó ń yin ẹyẹ lóko ara ẹ̀, kódà dókítà àti lọ́yà ń wò ó tìyanutìyanu ni, wàá sanwó ńlá, wàá tún dúró dè é pẹ́ kí wọ́n tó fi lé ẹ lọ́wọ́. Àwọn ará ilé King méjì kan, Andrew àti Peter, tí wọ́n ń ṣòwò ní Suffolk, gbéra lọ sí Sípéènì nígbà tí 1960 ń kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n ń wá ẹni tó lè bá wọn ṣe ìbọn irú ti Lọ́ńdọ̀nù ní iye tí èèyàn lè san. Wọ́n bá AyA pàdé. Ilé-iṣẹ́ wọn, ASI, Anglo Spanish Imports, ló wá ń kó o wọlé.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ ni pé wọn ò kàn rà kí wọ́n tà. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣẹ́ Eibar, pé ibi báyìí nípọn jù, ìdí ìbọn yìí ò rí bí oníbàárà Gẹ̀ẹ́sì ṣe fẹ́ ẹ, ẹ tún un ṣe. Àtinú ẹ̀ ni No. 1, No. 2 àti No. 4 ti jáde. No. 1 àti No. 2, sidelock ni wọ́n, àwòṣe ti Holland & Holland, ẹ̀rọ ìyìnbọn wà lára páànù irin kan lọ́tùn-ún, ìkan lósì, o lè fọwọ́ tú u jáde láìwá sukudiráfà, kóo nù ún kóo dá a padà. No. 1 ló lówó jù, ọnà tí wọ́n fín sí i wẹ́ jù, igi ẹ̀ dáa jù. No. 4 ní tiẹ̀ jẹ́ boxlock, ẹ̀rọ ẹ̀ wà nínú ikùn irin tó wà láàárín, ọgbọ́n tí Anson àti Deeley ní Birmingham ti gbàṣẹ ìjọba lé lórí láti 1875, ó rọrùn ṣe, owó ẹ̀ sì kéré. Àwọn kan lè pe ìyẹn ní kọ́pì. Ó dáa, kọ́pì ni. Àmọ́ ọgbọ́n yẹn ti di ti gbogbo ayé, òfin ò sì dè é mọ́, AyA ò sì fi orúkọ ẹlòmíì sí i lára, orúkọ tiwọn ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ibi tí kọ́pì parí sí ni ọwọ́. Bí wọ́n ṣe ń mú irin méjì bára mu ni pé wọ́n á yọ iná àtùpà sábẹ́ ìkan kí èéfín kùn ún dúdú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkejì, wọ́n á yọ ọ́, ibi tí dúdú yẹn bá ti ràn mọ́ ìkejì nibi tó ga jù, fáìlì á kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tún kùn ún, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, ìgbà àìmọye, títí dúdú fi máa ràn yíká dọ́gbadọ́gba, afẹ́fẹ́ pàápàá ò ríbi gbà mọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi igi mọ́ irin náà nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe èyí fún ogún ọdún, etí ló fi ń gbọ́ bóyá ìbọn yẹn pa dé dáadáa, kò nílò kó wò ó. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ inú No. 2 kan kì í sábà wọ inú No. 2 míì tààrà, ẹni tó ṣe é ló ṣe é fún ìyẹn nìkan. Ẹ ò rí nǹkan, ohun kan náà tó ba Ruby lórúkọ jẹ́ ni wọ́n wá ń fi yangàn lára ìbọn olówó ńlá!

Àmọ́ AyA ò jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan, ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n ní ìbọn pọ́ọ́kú náà, Yeoman fún ọdẹ lásán, Matador tí wọ́n ń kó lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn wọ̀nyí maṣínì ló ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n gba òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ, àwọn ló tóbi jù nínú gbogbo oníbọn ọdẹ Sípéènì. Ẹsẹ̀ kan nínú fáktírì, ẹsẹ̀ kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọjà ń rìn, kò sóhun tó burú níbẹ̀, owó pọ́ọ́kú ń bọ́ oníṣẹ́ ọnà, orúkọ oníṣẹ́ ọnà ń ta pọ́ọ́kú.

Ọdún 1970 kọjá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú. Owó epo rọ̀bì fò sókè lọ́dún 1973, Franco kú ní oṣù kọkànlá 1975, owó iṣẹ́ ní Sípéènì ga, àǹfààní peseta yẹn ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Lójú ọjà, àwọn èèyàn ti ń yà sí ìbọn tí ọ̀pá ẹ̀ gun ara wọn lérí àti èyí tó ń kira ẹ̀, Beretta ní Ítálì ti fi maṣínì tuntun sáré níwájú, Miroku ní Japan ń ṣe tiẹ̀ lọ ràì, kò sí Yeoman tó lè bá wọn du owó. Ilẹ̀ Basque pàápàá, tí irin, ọkọ̀ ojú omi àti maṣínì ti ń fún lóúnjẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í rí fáktírì tó ń tì pa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, rògbòdìyàn ETA, àwọn tó ń gbé ìbọn torí òmìnira Basque, wà níbẹ̀, nígbà tó fi máa di 1985 nínú èèyàn márùn-ún tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Sípéènì, ó ju ẹyọ kan lọ tí ò ríṣẹ́.

Ìjọba wá ní àwọn ń tún ilé-iṣẹ́ ṣe kí Sípéènì tó wọ ẹgbẹ́ ọjà Yúróòpù, èyí tí wọ́n padà wọ̀ ní 1 oṣù kìíní 1986. Ó kan irin, ó kan ọkọ̀ ojú omi, ó wá kan ìbọn. Àlàyé wọn ò burú létí. Ẹ wo ogún ilé tó ń ṣe ìbọn kan náà nínú kòtò kan náà, wọ́n ń já owó ara wọn wálẹ̀, kò séyìí tó lówó ra maṣínì tuntun nínú wọn, ẹ jẹ́ ká kó wọn pọ̀, ká fowó sí i, ká ra maṣínì, ká máa ta ìbọn lórúkọ kan. Bí DIARM ṣe délẹ̀ nìyẹn. AyA wọlé, òun ni òpó ilé náà. Àwọn ilé kéékèèké tó jẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, irú Arrieta, Garbi àti Grulla, ta kété. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n ju àwọn tó wọlé lọ o, èmi ò rò bẹ́ẹ̀, wọn ò ní fáktírì tí wọ́n fẹ́ gbà là ni, ẹni tí ò ní orí fífọ́ kí ló fẹ́ fi panadol ṣe?

Lójú tèmi, àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ka ilé oníbọn bí ẹni ka ilé bíríkì. Bíríkì, o lè kó ti ogún ilé sójú kan. Àmọ́ ohun tí AyA ní gan-an, méjì ni: ọwọ́ àwọn bàbá kan tó mọ ìgbà tó yẹ kí fáìlì dúró, àti oníbàárà ní Suffolk tó mọ orúkọ AyA tó sì gbà á gbọ́. Ìkankan nínú méjèèjì ò ṣeé kó sínú lọ́rì. Maṣínì tuntun náà kì í ṣe nǹkan tí wọ́n lè fi bá Beretta du, torí Beretta ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, ọjà ẹ̀ ti kárí ayé, èèyàn ò lè fi owó ìjọba ra ọdún tó ti kọjá. Ìbọn pọ́ọ́kú tí wọ́n fẹ́ fi DIARM gbà là ò là, ìbọn olówó ńlá tó lè dá dúró sì ti so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò sí bó ṣe máa lúwẹ̀ẹ́.

Gbèsè gorí gbèsè, kò tó ọdún márùn-ún tí DIARM fi parí. Àwọn orúkọ tí baba ńlá àwọn èèyàn ti ń jẹ níbẹ̀ kú sínú ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì forí lé ilé. Àwọn kan lọ wáṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe maṣínì, àwọn àgbà kan fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Ní 1988 ni Imanol Aranzabal, ọmọ ilé Aranzabal tó ni orúkọ yẹn, tún AyA dá sílẹ̀. Kò wá fáktírì ńlá. Ìwọ̀nba oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti wà ní AyA àtijọ́ ló kó jọ, àwọn tó mọ iṣẹ́ tinútẹ̀yìn, wọ́n fi Yeoman àti gbogbo ìran ẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, sidelock àti boxlock tí wọ́n ń fi ọwọ́ tò ni wọ́n mú bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kéré, ìbọn tó ń jáde lọ́dún kéré, oníbàárà á wá, wọ́n á wọn apá ẹ̀ àti ọrùn ẹ̀, wọ́n á bi í irú igi tó fẹ́ àti irú ọnà tó fẹ́ kí wọ́n fín, ó tún di bó ṣe rí kí fáktírì tó dé. Ní Suffolk, ASI ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró de ọjà, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, torí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ò rẹ́ni rà á, ìyàn ló ń ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ ra AyA àlòkù lónìí, kó tú ọ̀pá ẹ̀ kó wo òǹtẹ̀ ọdún tó wà lábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ bóyá ti ìgbà fáktírì ni àbí ti ẹ̀yìn 1988. Lókè, kò ní rí ìyàtọ̀. Orúkọ tí wọ́n fín sára páànù irin náà ò yí padà, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é náà ò yí padà, No. 1, No. 2, No. 4, báwọn King ṣe bá wọn fi sílẹ̀.